Búlọ́ọ̀kù Òfìfo àti Súùtù Onígbàjámọ̀

Obìnrin kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀ ní ìsàlẹ̀ ilé alájà méjì kan. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ lọ títí. Tábìlì ìlọṣọ wà lójú fèrèsé, irin gbọọrọ tí aṣọ ń rọ̀ sí gba òkè kọjá láti ògiri dé ògiri, bẹ́ǹṣì kan wà fún àwọn oníbàárà, ìlẹ̀kùn kan sì wà lẹ́yìn tó máa ń wà ní títì. Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Awakùsà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò sì di ọkọ́ mú rí láyé rẹ̀, àyàfi nígbà tí tíṣà bá fi ìyà jẹ ẹ́. Kùsà tirẹ̀, inú ẹ̀rọ ló wà.

Ẹ̀rọ náà pọ̀ nínú yàrá yẹn. Ó tò wọ́n sórí pákó bí ẹni to búrẹ́dì, gbogbo wọn ń kùn bí oyin, wọ́n sì ń gbóná bí ààrò. Ooru yẹn ló so iṣẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní aṣọ tútù tí kò rí oòrùn, àbúrò ní ooru tí kò mọ ibi tí yóò dà á sí. Wọ́n lu ihò sára ògiri, wọ́n fi fáànù ńlá kan síbẹ̀, látìgbà náà ni aṣọ ti ń gbẹ wọ́ọ́wọ́ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, kódà bí òjò bá ń rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Alágbàfọ̀ léèrè ohun tí àbúrò rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, á ní, "Ó ń bá mi sá aṣọ ni."

Ohun tó ń ṣe gan-an rèé. Ní ìlú náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi owó orí fóònù kan tí wọ́n ń pè ní Ẹyọ ra nǹkan. Kò sí báńkì tó ń ṣọ́ ọ. Àwọn awakùsà mélòó kan káàkiri ìlú ni ẹ̀rọ wọn ń tọ́jú rẹ̀. Bí ènìyàn bá sanwó, owó náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹ̀rọ kan á fi kó o mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn sínú nǹkan bí àpótí, á pa á dé, á sì so ó mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Àpótí yẹn ni wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó lè pa á dé, ó gbọ́dọ̀ já àlọ́ kan tí kò ní ọgbọ́n nínú, àfi kéèyàn ṣáà máa méfò lọ títí orí á fi bá a ṣe é. Gbogbo ẹ̀rọ ìlú ló ń já àlọ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ já a ló ni èrè, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Àkọlé kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, tí Alágbàfọ̀ kọ gàdàgbà: KÍ OWÓ WỌ BÚLỌ́Ọ̀KÙ KÍ AṢỌ TÓ JÁDE. Ìyá Onílé tó ń gbé òkè ló gbà á nímọ̀ràn rẹ̀, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan fi fóònù hàn án pé òun ti sanwó, tó kó bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì lọ, tí owó náà kò sì wọ búlọ́ọ̀kù kankan títí di òní.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ìyá Onílé ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá gba kọ́tìnnì rẹ̀, nítorí àlejò ń bọ̀ wá kí i lọ́sàn-án. Ó fi Ẹyọ ránṣẹ́, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò pẹ́ ni Onígbàjámọ̀ wọlé. Ọkùnrin yìí ló ń gẹ irun fún gbogbo ọkọ ìyàwó àdúgbò, tó sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ ìyànjú bó ti ń gẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ni ọkọ ìyàwó. Bàtà rẹ̀ ń dán, ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì ló fi bo àyà, irun àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó tó gẹ̀ láti ìdájí sì wà ní gbogbo apá rẹ̀.

"Àǹtí, súùtù mi dà? Ibí ni mo ti fẹ́ wọ̀ ọ́. Kọ́ọ̀tù ò ní dúró dè mí."

"Ó wà lókè yẹn. Mo lọ̀ ọ́ débi pé eṣinṣin bà lé e, ó yọ̀ ṣubú. Ó ku owó."

Onígbàjámọ̀ tẹ fóònù rẹ̀. "Mo ti sanwó."

"Ó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Kò tíì wọ búlọ́ọ̀kù."

Ọkùnrin náà wo àkọlé ara ògiri, ó wo Ìyá Onílé tó jókòó sábẹ́ àkọlé náà bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó jókòó.

Nígbà tó yá, fóònù Alágbàfọ̀ dún kíń. Búlọ́ọ̀kù tuntun ti jáde. Ó fi ìka yí i wò lókè, ó yí i wò nísàlẹ̀, ó sì fajú ro.

"Ó ti wọlé?" Onígbàjámọ̀ ti dìde.

"Búlọ́ọ̀kù wọlé. Ìwọ ò sí nínú rẹ̀."

"Ta ló wà nínú rẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan. Òfìfo ni."

"Òfìfo ńkọ́?" Ìyá Onílé dá sí i. "Gbogbo búlọ́ọ̀kù tí mo fi kọ́ ilé yìí ló ní ihò nínú. Ṣé ilé wó ni?"

Alágbàfọ̀ ṣàlàyé fún un pé búlọ́ọ̀kù yìí kì í ṣe ti sìmẹ́ńtì. Ìyá Onílé ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé àpótí tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ kiri, ó yẹ kí wọ́n yẹ orí rẹ̀ wò.

Wọ́n dúró. Ìdúró sì rèé, bí ènìyàn ò bá rí nǹkan fi gbàgbé rẹ̀, ńṣe ló ń gùn sí i. Alágbàfọ̀ gbé fóònù rẹ̀ ti agolo sítáàṣì, ó padà sórí fíìmù alápá-púpọ̀ tó ń wò láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ń fọwọ́ ọ̀tún lọ aṣọ, ó ń fọwọ́ òsì nu omijé. Ìyá Onílé béèrè nọ́ńbà Wáífáì ṣọ́ọ̀bù, ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lókèèrè lórí fídíò, ó ní kó gbé ọmọ-ọmọ òun súnmọ́ ojú fóònù kí òun wo eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Onígbàjámọ̀ náà béèrè nọ́ńbà, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fídíò. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó, ẹni tí kì í gbọ́ ìròyìn kó má béèrè ẹ̀rí.

"Níbo lo wà?"

"Mo wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Wo súùtù náà lórí háńgà."

"Mo rí súùtù. Mo tún rí síńgílẹ́ẹ̀tì. Èwo nínú méjèèjì lo fẹ́ fi gbé mi níyàwó?"

"Ó ku díẹ̀. Má pa fóònù rẹ, kí o lè máa rí mi."

Búlọ́ọ̀kù mìíràn dé, láti ọwọ́ awakùsà kan ní òdìkejì ìlú. Èyí kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n Sátidé ni, èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó fi owó ìwọlé tó jọjú fún awakùsà kún ìsanwó wọn ni wọ́n kọ́kọ́ kó. Ìyá Onílé, èyí tó kéré jù lọ nínú gbogbo owó ìwọlé ló fi sí tirẹ̀. Ó ní kọ́tìnnì lòun fọ̀, òun ò ra mọ́tò. Onígbàjámọ̀ yára fi kún tirẹ̀, ó sì ń retí. Kò pẹ́ rárá, fóònù tún dún kíń.

"Òfìfo," ni Alágbàfọ̀ wí.

"Mo mà fi owó kún un."

"Ọkọ̀ tí kò gbé èrò, bí o san ìlọ́po mẹ́ta, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn."

Láti inú fóònù Onígbàjámọ̀, ohùn ìyàwó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ta ló ń pa òfìfo yẹn dé? Ṣé kò lórúkọ ni?"

Kò sẹ́ni tó ti ronú kan ìyẹn. Alágbàfọ̀ fi ìka tẹ búlọ́ọ̀kù náà, nítorí pé ẹni tó bá jáwé olúborí máa ń fi àmì rẹ̀ síbẹ̀. Ó wo ti àkọ́kọ́. Ó wo ti ẹ̀ẹ̀kejì. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sórí irin rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó lọ sídìí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì kàn án gbà, gbà, gbà. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Awakùsà ṣílẹ̀kùn. Òógùn bò ó, ẹ̀rín sì gba gbogbo ẹnu rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ bá mi yọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti jẹ láàárọ̀ yìí."

"Ẹ̀ẹ̀mejì lo jẹ, ẹ̀ẹ̀mejì lo gbé òfìfo jáde. Wá wo ohun tí o fi ojú ọkọ ìyàwó rí."

Awakùsà yọjú wo Onígbàjámọ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rín rẹ̀ dín díẹ̀. "Ẹ kú oríire o, sà."

"Oríire ò tíì dé," ni Onígbàjámọ̀ fèsì. "Ó ń dúró de ẹ̀yin."

Ìyá Onílé ti dá ẹjọ́ ní tirẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ohun tí mo gbọ́ nìyí: ó ń gba èrè iṣẹ́ tí kò ṣe. Ọ̀lẹ ni."

"Mọ́mì, ẹ má bínú, kì í ṣe ọ̀lẹ," Awakùsà dá a lóhùn, ó lóṣòó síwájú wọn. "Bí awakùsà mìíràn bá pa búlọ́ọ̀kù dé, ìròyìn pé ó ti pa á dé ló máa kọ́kọ́ kàn mí lára. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Láàárín méjèèjì, mi ò mọ owó ta ló kó, mi ò mọ ti ta ló ṣẹ́ kù. Tí mo bá lọ tún kó owó tí ó ti kó, gbogbo ìlú ló máa da búlọ́ọ̀kù mi nù, iṣẹ́ mi á sì wọmi."

"Ṣebí kí o dúró títí o fi máa rí inú rẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Ẹ̀rọ tó dúró ń jẹ iná, Àǹtí, kò sì mú nǹkan kan wálé. Torí ẹ̀ ló ṣe máa ń já àlọ́ lórí òfìfo ná. Òfìfo ò lè ní àṣìṣe. Tí inú ti ẹnìkejì bá ti dé, á ju òfìfo sílẹ̀, á bọ́ sórí èyí tó kún. Àmọ́ bí orí bá bá a ṣe é kó tó dé, òfìfo ló máa já sí. Kò sì kúkú burú pátápátá. Ó ń ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọn-in, kò kàn gbé èrò tuntun ni."

"Èrè rẹ̀ ńkọ́?"

Awakùsà wo ilẹ̀. "Èrè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti èyí tó kún. Owó ìwọlé nìkan ló máa ń sọ nù. Ti àwọn kan ò sì tó nǹkan rárá." Kò wo ọ̀dọ̀ Ìyá Onílé, ṣùgbọ́n Ìyá Onílé wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Inú bí Alágbàfọ̀. Ó ní òun máa pe gbogbo awakùsà ìlú, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti máa da òfìfo nù bó bá ṣe ń jáde, ì báà jẹ́ ti àbúrò òun.

"Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, Àǹtí mi. Tí àwọn kan bá dà á nù, tí àwọn kan sì gbà á, ìlú máa pín sí méjì. Owó Onígbàjámọ̀ lè wà lápá kan kó má sí lápá kejì, ṣé apá kan súùtù lẹ máa wá fún un wọ̀? Yàtọ̀ síyẹn, tí ẹ bá ní ẹ ò fẹ́ òfìfo, kí ló máa ná mi? Màá kó owó láti àpò òsì sí àpò ọ̀tún níye ìgbà, màá fi kún àpótí. Ẹ máa rí i tó kún, yanrìn ló máa wà níbẹ̀."

"Ó dáa," ni Ìyá Onílé wí. "Mo ní ojútùú. Kó ẹ̀rọ ẹ jáde nílé mi."

Alágbàfọ̀ yíjú sí i kíá. "Mà, tó bá kó ẹ̀rọ jáde, ta ló máa bá mi gbẹ aṣọ?"

Ìyá Onílé wo kọ́tìnnì rẹ̀ tó gbẹ táútáú lórí irin.

Onígbàjámọ̀ ló wá béèrè ìbéèrè tó dáa. Ọkùnrin tó ń fi abẹ rìn káàkiri orí àwọn ènìyàn, ó ti kọ́ láti máa fara balẹ̀. "Ohun inú búlọ́ọ̀kù yẹn tó ń pẹ́ lójú ọ̀nà, kí ló ń dá a dúró?"

"Ìyẹn gan-an ló ń yà mí lẹ́nu láti àárọ̀," ni Awakùsà wí. "Tẹ́lẹ̀, kéèyàn ṣẹ́jú, ó ti dé. Lónìí ó ń wọ́ bí ìgbín. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo tò síwájú pátápátá nínú èyí tó kún, torí èmi ni mo ń yan ẹni tí mo bá fẹ́, owó ìwọlé tàbí àìsí owó ìwọlé. Àmọ́ mi ò ráyè dé orí èyí tó kún náà. Ó dà bíi pé ẹnì kan ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó na ọrùn wo ẹ̀rọ Wáífáì tó wà lókè ìlẹ̀kùn. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú wìrìwìrì bí ojú ẹni tí ata ta sí. Ó wo fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára agolo sítáàṣì, níbi tí obìnrin kan ti ń sunkún nínú òjò. Ó wo fóònù Ìyá Onílé, tí ọmọ rẹ̀ ń ti inú rẹ̀ sọ pé, "Mọ́mì, ojú yín ti dúró sójú kan." Ó wo fóònù ọwọ́ Onígbàjámọ̀, níbi tí ìyàwó ti káwọ́ gbera tó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo eré.

Olúkúlùkù wọn náà wo fóònù rẹ̀.

"Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé àwa ni?" Alágbàfọ̀ béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Okùn kan ṣoṣo ló wọ ilé yìí, Àǹtí. Sátidé, búlọ́ọ̀kù àwọn ẹlòmíràn kún, ó wúwo. Fídíò mẹ́ta ló sì jókòó sójú ọ̀nà fún un."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Nítorí pé wọ́n ń dúró ni wọ́n ṣe ń wo fídíò, nítorí pé wọ́n ń wo fídíò ni wọ́n ṣe ń dúró. Ìyàwó ló kọ́kọ́ yé. Ó ní, "Mò ń lọ sí kọ́ọ̀tù. Bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn," ó sì pa fóònù. Ìyá Onílé bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó bá òun fi ẹnu ko eyín náà lẹ́nu. Alágbàfọ̀ ni ó ṣòro fún jù, torí ó ku díẹ̀ kí obìnrin inú òjò náà mọ bàbá ọmọ rẹ̀. Ó pa á, ó yí fóònù dojú bolẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ rọ́rọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń dún ni fáànù lára ògiri. Láti yẹ ìdákẹ́jẹ́ náà sílẹ̀, Ìyá Onílé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ọkọ òun ṣe pẹ́ dé ibi ìgbéyàwó tiwọn, tí òun ti bọ́ bàtà sílẹ̀ tí òun fẹ́ máa lọ sílé, kó tó yọ lórí kẹ̀kẹ́ tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ jò.

"Kí lẹ sọ fún un, Mà?" Onígbàjámọ̀ béèrè.

"Mo ní kó lọ lẹ kẹ̀kẹ́ ná, ká tó ṣe ìgbéyàwó. Mi ò fẹ́ ọkọ tí màá fẹsẹ̀ bá rìn padà sílé."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Alágbàfọ̀ tó ti gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ sì rí i pé òun kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí Awakùsà fi kígbe lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pé awakùsà òdìkejì ìlú tún ti pa òmíràn dé, kíkún fọ́fọ́, gbogbo inú rẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ òun kí òun tó ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ òun ti bọ́ sórí èyí tó kún, ti àwọn oníbàárà méjèèjì ló sì wà níwájú.

Ó ku kí orí bá wọn ṣe é. Onígbàjámọ̀ rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó rìn padà. Ìyá Onílé yí ojú sókè, ẹnu rẹ̀ ń mì, bóyá àdúrà ni, bóyá owó ìwọlé ló ń kábàámọ̀. Àfi ìgbà tí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí.

"Ẹ gbé aṣọ yín."

"Màá fojú ara mi rí i ná," ni Alágbàfọ̀ wí. Ó tan fóònù, ó wo búlọ́ọ̀kù náà. Orí ìlà àkọ́kọ́ gan-an ni kọ́tìnnì wà, súùtù sì tẹ̀ lé e. Ó fa háńgà méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò sí yàrá tí ọkùnrin lè ti múra níbẹ̀, nítorí ooru yàrá ẹ̀yìn yóò tún fi òógùn rẹ ẹ́. Ìyá Onílé tú kọ́tìnnì rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ sílẹ̀, ó dì í mú lápá kan, Alágbàfọ̀ dì í mú lápá kejì, Onígbàjámọ̀ wọ súùtù lẹ́yìn rẹ̀, Awakùsà sì fi búrọ́ọ̀ṣì aṣọ gbọn irun kúrò lára rẹ̀. Ó jáde níbẹ̀ ní ọkọ ìyàwó, ó ń sáré gba títì lọ, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Ó bá wọn. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn kọ́ọ̀tù nígbà tó wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyàwó yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀ bó ṣe máa ń yẹ aláìsàn wò, ó ní ó wù òun. Ohun tí kò sẹ́ni tó rí ni bébà pélébé tí alágbàfọ̀ máa ń fi pín-ìn-nì mọ́ apá aṣọ, tó ní orúkọ oníbàárà lára. Nínú gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó náà ló ti ń fì lápá ọkọ ìyàwó. Ìyàwó ní òun kò ní gbà kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú fọ́tò. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, bó bá sọnù, wọ́n á mọ ẹni tó ni ín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Awakùsà fa okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn wọ yàrá ẹ̀yìn, tí fídíò kankan kò gbọdọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá. Ó tún yí bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń gba ìròyìn padà. Ó ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni tó pa búlọ́ọ̀kù dé, ẹ̀rọ òun ti gbọ́ nípa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú owó tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sídìí tí wọ́n á fi tún máa gbé gbogbo rẹ̀ wá látòkèdélẹ̀. Àmì kúkúrú ti tó, kí òun sì béèrè èyí tí òun kò bá ní. Ó sọ ọ́ fún àwọn awakùsà yòókù náà, àwọn tó fẹ́ sì ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ṣé òfìfo ti tán nìyẹn?" Alágbàfọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò lè tán, Àǹtí. Á máa yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A kàn dín àyè tó ń rí kù ni."

"Tó bá yọjú ńkọ́?"

"Ẹ ní kí oníbàárà jókòó. Èyí tó tẹ̀ lé e á gbé e."

Ó gbà bẹ́ẹ̀. Kò tún sọ̀rọ̀ pípe àwọn awakùsà jọ mọ́. Ìyá Onílé ní tirẹ̀ fi díẹ̀ kún owó ìwọlé, díẹ̀ tó jẹ́ pé ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n ó rí i dájú pé gbogbo àdúgbò gbọ́.

Nígbà tí Onígbàjámọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ránṣẹ́ pe Awakùsà. Ó ní nígbà tí òun wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà, ohun tó ń dun òun jù kì í ṣe súùtù bí kò ṣe orí Awakùsà, pé ẹyẹ lè yé sínú irun yẹn kí ẹni tó ni ín má mọ̀. Ó mú un jókòó, ó gẹ irun rẹ̀, ó gẹ irùngbọ̀n rẹ̀, ó fi lọ́fínńdà pa á lójú, kò gba kọ́bọ̀. Awakùsà gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ ṣọ́ọ̀bù, èyí tí kì í sábà ṣe. Alágbàfọ̀ gbé ojú sókè lórí aṣọ tó ń lọ̀, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní, ó fi ẹ̀rín músẹ́ tó ń fi pàdé àlejò pàdé rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jókòó. Kí lẹ fẹ́ ká bá yín fọ̀?"

Awakùsà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní òun wá rí ọ̀gá tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn.

"Kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀, sà," ni Alágbàfọ̀ wí. "Àbúrò mi ni. Ó ń bá mi sá aṣọ ni."